Òwú Tí Kò Mọ Orúkọ

Ẹ ti gbọ́ nípa ife-ẹ̀yẹ náà. Ta ni kò gbọ́? Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kì í borí ẹnikẹ́ni, tí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ló ṣàdédé dìde tó gba ife mọ́ gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì yòókù lọ́wọ́. Àwòrán ọjọ́ náà ṣì wà lára ògiri gbọ̀ngàn wọn. Kóòṣì ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ ń fò, ife ń dán yinrin. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí ọmọkùnrin gíga kan láàárín wọn. Gbogbo wọn ló gbé ọwọ́ sókè àfi òun. Tiẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí apá aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Àwọn tí ò mọ̀ á ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Kò rẹ̀ ẹ́ o. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín. Ẹni tí ẹ̀rù bá tètè ń bà, kó yáa wá ẹnìkan jókòó tì.

*

Aṣọ́lé méjì ni wọ́n ní. Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní Àtè, torí bọ́ọ̀lù tó bá ti kàn án lọ́wọ́, ó parí, ó ti lẹ̀ nìyẹn, bí ẹyẹ tó bà lé àtè. Èkejì ni wọ́n ń pè ní Bẹ́ńṣì. Ṣé ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn náà? Látọjọ́ tó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, orí bẹ́ńṣì ló ń jókòó sí tó ń pàtẹ́wọ́ fún Àtè. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n o. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn, búrẹ́dì kan náà ni wọ́n ń bù jẹ. Bẹ́ńṣì ò bínú, ó mọ̀ pé Àtè mọ̀ ọ́n ju òun lọ. Ìyá ẹ̀ ló ń bínú.

Ọdún yẹn ni ọdún tí àwọn méjèèjì máa parí ẹ̀kọ́. Wọ́n ń borí, wọ́n tún ń borí, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí agbára ọ̀hún ti ń wá. Ni ìròyìn bá tàn pé ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan ń bọ̀ wá wo àṣekágbá. Aṣọ́lé ló ń wá, ẹyọ kan péré. Ẹni tó bá dúró láàárín òpó lọ́jọ́ náà, ayé ẹ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹni tó bá wà lórí bẹ́ńṣì, kó yáa lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́.

*

Aránṣọ ni ìyá Bẹ́ńṣì. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kò fẹ̀: máṣìnì kan, dígí kan, àti aṣọ oníbàárà tó so rọ̀ láti orí àjà bí èèyàn tí ò lórí. Òun ló ń tún jẹ́sì àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe nígbàkigbà tó bá ya.

Oníbàárà kan wá gba aṣọ ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, “Ìyá wa, ọmọ yín yẹn ńkọ́? Ṣó ṣì ń jókòó?”

“Ó ń jókòó dáadáa,” ni ìyá fèsì, “àga ò sì tíì kán.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bí oníbàárà ṣe jáde báyìí, ìyá wo ìka ara ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti wọ̀ ọ́ dé ìdajì, kò sì mọ ìgbà tó wọlé. Ó fà á yọ, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Oníkọ́kọ́rọ́. Tí àgádágodo bá há, tí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, òun ni wọ́n ń wá lọ. Àgádágodo bo ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ látòkè délẹ̀, gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀. Àwọn àgbà àdúgbò sì máa ń sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló wà fún ilẹ̀kùn.

“Ẹ káàsán, bàbá.”

Kò gbójú sókè. “Kí lo fẹ́ kí n tì?”

“Ọwọ́ ni.” Ó sún mọ́ ọn. “Ọwọ́ ọmọ kan báyìí, wọ́n ń pè é ní...”

“Má dárúkọ!” Ó gbé fáìlì tó fi ń ha irin sílẹ̀. “Èmi ò fẹ́ mọ̀. Ohun tí mo máa fún ẹ náà ò fẹ́ mọ̀. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?”

“Mò ń ránṣọ.”

Ó ṣí àpótí kan, ó mú òwú kan jáde. Àwọ̀ eérú ni òwú náà, ó ń rùn bí irin tí òjò pa. Ó ká a mọ́ ìka ìyá náà fúnra ẹ̀, òtútù sì gba inú ìka lọ sí ìgúnpá.

“Ohun yòówù tó o bá fi rán, ọwọ́ tó bá wọ inú ẹ̀ á sùn. Kò ní dùn ún, á kàn sùn ni. Òwú yìí ò mọ orúkọ o. Ọwọ́ tó bá wọlé ló mọ̀. Tọ́rọ̀ bá wá yí, tú u. Tú u ní ojú kọ̀ọ̀kan, bó o ṣe rán an, láti òpin bọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀. Má gé e. Ṣó o gbọ́ mi? Tó o bá gé e, kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sódò nìyẹn.”

Ẹ gbọ́ nǹkan. Wọ́n ní kí aránṣọ má gé òwú.

“Kí ló máa mú ọ̀rọ̀ yí, bàbá?”

Oníkọ́kọ́rọ́ ti mú fáìlì ẹ̀, ó ń ha irin lọ. Ìyá dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ “kó!” lẹ́yìn ara ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgádágodo ara ògiri ti pa ẹnu dé. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

*

Kò pẹ́ rárá tí kóòṣì fi gbé ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé wá. Àtàǹpàkò ẹ̀ ti ya.

“Ìyá wa, ẹ gbà mí. Ìdíje tó kángun sí àṣekágbá ti dé tán. Àtè ń fi ìbọ̀wọ́ yìí gbá bọ́ọ̀lù sẹ́yìn bí ẹni ń lé olè.”

Ọkàn ìyá fò. Òun tó ti ń ronú bóun ṣe máa rí jẹ́sì Àtè gbà, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé ìbọ̀wọ́ wá fún un. Kò bi kóòṣì ní ìbéèrè kankan. Kí ló fẹ́ bi? Ta ló ń wọ ìbọ̀wọ́ bí kò ṣe Àtè? Ọwọ́ lásán lọmọ tiẹ̀ fi ń gbá bọ́ọ̀lù kiri látọjọ́ yìí.

Ó rán àtàǹpàkò. Ó tún rán gbogbo etí ìbọ̀wọ́ méjèèjì yípo, ojú rírán ẹ̀ kéékèèké, ó dọ́gba, ó lẹ́wà. Nígbà tó so kókó tó kẹ́yìn, ó na ọwọ́ mú àlùmọ́gàjí bí ìṣe ẹ̀, àfi bó ṣe rí i pé kò sí ohun tóun máa gé. Òwú ti tán sídìí kókó yẹn géérégé, bíi pé wọ́n ti wọn ìbọ̀wọ́ náà sílẹ̀ dè é.

Inú ẹ̀ yẹ kó dùn. Àmọ́ kò lè jókòó. Ó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán, ó tún un gbá.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje náà, ẹyẹ kan fò kọlu fèrèsé yàrá àwọn ọmọ méjèèjì. Àtè jáde lọ wò ó. Ẹyẹ náà ò kú. Ó dùbúlẹ̀ sórí koríko, ojú ẹ̀ là kedere, ó ń wò ó, ìyẹ́ apá ẹ̀ nà gbalaja, kò sì lè ká a.

“Fi í sílẹ̀ jàre,” ni Bẹ́ńṣì wí, “mọ́tò ń dúró dè wá.”

Àtè fi í sílẹ̀, àmọ́ ara ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Nígbà tó ń wọ ìbọ̀wọ́ lórí pápá, ó gbóòórùn irin tútù. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó wá, ọmọ ọwọ́ máa mú un. Ó gba àárín ọwọ́ ẹ̀ kọjá, ó yí gbirigbiri wọlé. Àwọn èrò ò tiẹ̀ pariwo, ẹnu ló yà wọ́n. Bọ́ọ̀lù kejì náà tún gba ibẹ̀ yẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó wà níwájú, tí wọ́n ń sáré bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé, wọ́n gbá mẹ́ta wọlé, wọ́n sì fi ẹyọ kan yọ.

Lẹ́yìn ìdíje, gbogbo wọn ń jó nínú yàrá ìmúra. Àtè ò lè tú okùn bàtà ẹ̀. Bẹ́ńṣì kúnlẹ̀, ó bá a tú u.

“Ṣé ọwọ́ ń dùn ẹ́ ni?”

“Kò dùn mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Kò dùn mí rárá.”

Dókítà kọ́lẹ́ẹ̀jì tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan. Kóòṣì wá pe àwọn méjèèjì jọ.

“Bẹ́ńṣì, ìwọ lo máa wọlé ní àṣekágbá.”

*

Àǹtí tó tọ́ Àtè dàgbà, nọ́ọ̀sì ni, kì í sì í gba ìgbàkugbà. Ó gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ lójú àtẹ́lẹwọ́, Àtè ń wò ó bí ẹni ń wo fíìmù. Ló bá gbé báàgì ẹ̀.

“Dìde. Èyí tí ilé ìwòsàn mọ̀, mo mọ̀ ọ́n. Èyí kì í ṣe tiwọn.”

Ilé ìyá arúgbó kan tó ń ta yìnyín fún àwọn ẹlẹ́ja ló mú un lọ. Wọ́n kúrò nínú oòrùn, wọ́n wọ inú yàrá tútù kan tí èémí ń di kùrukùru lẹ́nu wọn. Oníyìnyín ò bi wọ́n léèrè ohun tó gbé wọn wá. Ó ki ọwọ́ Àtè méjèèjì bọ inú ọpọ́n omi, ó ju egbò igi kan sí i, ó da yìnyín lé e lórí, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sínú ọpọ́n náà bí ẹni ń tan ọmọ tó sá pamọ́. Yìnyín náà ò yọ́. Kàkà kó yọ́, nǹkan kan ń fà wọ inú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tín-ín-rín, aláwọ̀ eérú, ó ń lọ́ kiri.

Àtè ké. Ìrora ti dé! Ẹ wo ọmọ tó ń sunkún tó ń rẹ́rìn-ín papọ̀.

“Ó ti jáde,” ni Oníyìnyín wí. “Àmọ́ kò kú o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán kì í kú sójú ọ̀nà. Tí mo bá jẹ́ kó lọ, ó máa wá ọwọ́ mìíràn sùn sí.”

“Ọwọ́ ta ni, màmá?”

“Ó mọ ọ̀nà ilé ẹni tó rán an.”

Àǹtí pàtẹ́wọ́. “Kó máa lọ ilé! Kó má yà síbì kankan! Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.”

“Ọmọ yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀.” Oníyìnyín yíjú sí Àtè. “Mo lè dá a dúró sínú yìnyín. Àmọ́ ọwọ́ ẹ ò ní jí tán, á máa tòògbé. Èwo lo fẹ́?”

Àtè wo ìka ẹ̀. Ó wo bí wọ́n ṣe ń mì, tí wọ́n ń dùn ún, tí wọ́n jẹ́ tiẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó lọ,” ló wí.

Oníyìnyín fọ́ yìnyín náà mọ́lẹ̀. Omi ẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ó ń sáré bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ.

“Ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ́, má fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé,” ni Oníyìnyín wí, ó sì ń tì wọ́n síta. Wọ́n bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é, kò sọ.

Àtè sáré lọ bá kóòṣì, ó ń ká ọwọ́, ó ń la ọwọ́. Kóòṣì mi orí. “Mi ò lè fi àṣekágbá dán ẹ wò, ọmọ mi. Jókòó ti ọ̀rẹ́ ẹ.”

*

Ìyá Bẹ́ńṣì wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan fún ọmọ ẹ̀, èyí tó máa fi kí ọkùnrin ẹgbẹ́ ńlá yẹn lẹ́yìn àṣekágbá. Ó rán an pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ó lọ pọn omi. Nígbà tó dé, ó fẹ́ lọ̀ ọ́, ó ki ọwọ́ bọ apá ẹ̀, ọwọ́ ò yọ.

Wọ́n ti rán ẹnu apá ṣẹ́ẹ̀tì náà pa. Ọ̀tún àti òsì. Ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. Ojú rírán kéékèèké, ó dọ́gba, ó lẹ́wà. Iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ilẹ̀kùn wà ní títì, kò sì sẹ́lòmíì tó ní kọ́kọ́rọ́.

“Orí mi ò pé ni,” ló wí síta, kó lè gbọ́ ohùn èèyàn. “Oorun ló ń kùn mí.” Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé e, ó sì ju òwú náà síta láìwò ó.

*

Àṣekágbá! Èrò pọ̀ bí eéṣú. Ìyá Bẹ́ńṣì jókòó sí ìlà iwájú, ó wọ aṣọ tuntun, báàgì ẹ̀ wà lórí itan. Lókè, lábẹ́ ìbòji, ọkùnrin ẹgbẹ́ ńlá gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Bẹ́ńṣì jáde sórí pápá, àwọn èrò sì hó. Ìyá ń sunkún ayọ̀.

Kóòṣì ṣí báàgì ẹgbẹ́, ó mú ìbọ̀wọ́ jáde, ó nà án sí Bẹ́ńṣì.

Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní. Kì í ṣe ti Àtè, kò fìgbà kan jẹ́ ti Àtè. Ẹni tó bá ń dúró láàárín òpó ló ń wọ̀ ọ́. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló mọ̀. Ìyá ẹni tí kò wọlé rí nìkan ni kò mọ̀.

“Yéè! Má wọ̀ ọ́! Ọmọ mi, má wọ̀ ọ́ o!”

Ta ló máa gbọ́? Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wo ìyá kípà! Ayọ̀ fẹ́ pa á!” Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ń bá a fò sókè. Ó já ara ẹ̀ gbà, ó sáré dé ibi irin tó yí pápá ká, ẹ̀ṣọ́ sì dá a padà. “Ẹ jókòó, màmá. Ọmọ yín ò ní sá lọ.” Kí ló fẹ́ sọ fún ẹ̀ṣọ́? Pé kí lòun ṣe?

Bẹ́ńṣì gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ti dè fún ọdún gbọọrọ tí wọ́n wá tú sílẹ̀. Ó fi àyà gbà á, ó fi orúnkún gbà á, ó fi ojú gbà á. Àwọn èrò ń kọrin orúkọ ẹ̀. Ìyá nìkan ló rí i pé lẹ́yìn gbogbo bọ́ọ̀lù, ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀. Wọ́n gbá a títí, kò sẹ́ni tó gbá a wọlé. Rẹfirí fọn fèrè, ó ní pẹ́nálítì ló kù.

Ibi tí ẹ̀ṣọ́ ti yíjú ni ìyá gbà wọlé. Ó bá Bẹ́ńṣì lórí koríko, tó ń fi eyín fa ìbọ̀wọ́. Àtè jókòó tì í.

“Màámi, kò fẹ́ bọ́.”

Ìyá wólẹ̀ síwájú ẹ̀. Òwú eérú náà ti fún wọ inú ẹran ọrùn ọwọ́ ẹ̀. Ó fi èékánná wá kókó ìgbẹ̀yìn, ó tú ojú kan. Ìka kékeré Bẹ́ńṣì mì.

“Ó ń jí! Ó ń jí, ọmọ mi!”

Ẹnu Àtè là sílẹ̀. Ó wo òwú náà, ó rántí inú yìnyín. Ó wo ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ rán an,” ló wí. Ìyá ò lè wò ó lójú. Ọkàn Àtè bàjẹ́, torí òun náà ló ní kí wọ́n jẹ́ kó lọ, kò sì béèrè pé ta ló wà nínú ilé tó ń lọ. “Ẹ máa tú u, mà. Ẹ fara balẹ̀ tú u. Mo máa wọlé dípò ẹ̀. Ọwọ́ lásán náà tó mi.”

“Ta ló ń wọlé?” Kóòṣì ń pariwo. “Rẹfirí ń dúró dè wá!”

Ojú rírán ṣì pọ̀ níwájú ìyá. Ó gbójú sókè wo ìbòji. Ọkùnrin ẹgbẹ́ ńlá ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó ti tẹ̀ síwájú.

“Màámi,” ni Bẹ́ńṣì wí jẹ́ẹ́, “mo ti jókòó pẹ́.”

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó mọ òwe náà, òun ló máa ń pa á fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ ti wà nínú báàgì. Kí ni aránṣọ ń fi ṣe òwú tí ò jẹ́ kíṣẹ́ yá? Ó fi ẹnu àlùmọ́gàjí sábẹ́ òwú, ó gé e, ọ̀tún, òsì. Láàárín gbogbo ariwo pápá yẹn, ó gbọ́ ọ ketekete: “kó!”

Ìbọ̀wọ́ já bọ́. Bẹ́ńṣì dìde, ó sáré lọ sáàárín òpó.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe parí. Wọ́n gbá a, wọ́n gbá a, ó wá ku ẹyọ kan. Ẹni tó gbá a gbá a sí igun. Bẹ́ńṣì fò, ó nà tán, ó balẹ̀ gbàà, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Àtè ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

“Àtè, ṣé mo mú un?”

“O mú un! O mú un! A ti gba ife!”

“Ibo ló wà?”

Àtè wo bọ́ọ̀lù. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rín ẹnu ẹ̀ kú.

“Ó wà lọ́wọ́ ẹ,” ló wí.

*

Wọ́n ya àwòrán. Ẹ ti rí i. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ọkùnrin ẹgbẹ́ ńlá sọ̀kalẹ̀ wá láti abẹ́ ìbòji, àwọn èrò ń yà fún un. Bẹ́ńṣì ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ìyá ẹ̀ ló bá a de bọ́tìnnì ẹ̀.

“Ìwọ gan-an ni mò ń wá,” ni ọkùnrin náà wí, ó sì na ọwọ́ sí i.

Bẹ́ńṣì wo ọwọ́ tí wọ́n nà sí i. Ó wo tiẹ̀, bí ẹni ń wo ẹrù tí ẹlòmíì gbàgbé sílẹ̀. Gbogbo èèyàn ń dúró. Ìyá ẹ̀ bá rìn síwájú, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ méjèèjì gbé ọwọ́ ọmọ ẹ̀ sókè, ó kì í bọ ọwọ́ ọkùnrin náà, ó sì ká ìka ẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Haa,” ni ọkùnrin náà wí, “ọwọ́ ọmọ yìí mà tutù o.”

“Á móoru, ọ̀gá,” ni ìyá fèsì. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fún ìka ọmọ ẹ̀ mọ́ra, kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ ẹ̀. “Ẹ má wulẹ̀ fi í sílẹ̀. Á móoru.”